Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo lẹ ṣe ń pín ẹrù fún ọmọ ogun tí ìwọ̀n ara wọn ò dọ́gba?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìrìn ẹlẹ́rù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Borno, tí ooru ń kọjá 40°C, ni mo fẹ́ bi yín.

Ẹrù kílò 30 ju ìdajì ara ẹni tó wọn kílò 58 lọ. Lára ẹni kílò 88, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni. Ẹni kékeré ló máa kọ́kọ́ rẹ̀. Àmọ́ nínú ooru, ara ńlá ń pèsè ooru púpọ̀, awọ tó máa gbé e jáde ò sì pọ̀ tó bó ṣe wúwo tó. Tó bá wá jẹ́ ọ̀rá ló pọ̀ níbẹ̀, ẹrù kejì nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ ló ká mi lára jù. Bí ẹni gíga bá ṣáájú, àwọn kúkúrú á máa na ẹsẹ̀ jù, eegun ìbàdí àti ojúgun wọn á sì sán díẹ̀díẹ̀. Ẹni kúkúrú ló yẹ kó ṣáájú. Àpò tó gùn ju ẹ̀yìn ẹni náà ò dáa: bẹ́líìtì rẹ̀ á bọ́ sísàlẹ̀ ìbàdí, gbogbo ìwúwo á padà sí èjìká, okùn á tẹ iṣan ibẹ̀ títí apá á fi kú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti darí irú ìrìn yìí, ṣé ìwọ̀n ara lẹ fi ń pín ẹrù, àbí ìdánwò ìrìn ẹlẹ́rù? Ta lẹ máa ń gbé rédíò fún? Ṣé omi ẹni ńlá máa ń ju ti àwọn yòókù lọ?