Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: a fẹ́ mú ajá wa lọ jẹun níta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi àti àwọn ọmọ fẹ́ lọ jẹun lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, a sì fẹ́ mú Bingo, ajá wa, dání. Ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, a sì ti fi oògùn eégbọn sí i lára. Àárọ̀ la máa lọ kí ilẹ̀ tó gbóná, torí ajá kì í làágùn bíi tèèyàn. Mo ti kìlọ̀ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n má fún un ní eegun adìẹ tí wọ́n ti sè, ó lè ṣẹ́ ṣóṣóró kó sì gún un nífun. Ọbẹ̀ alálùbọ́sà náà ò dáa fún un.

Àwọn ajá tó ń rìn kiri ló ń kó mi lọ́kàn sókè. Òórùn ẹran díndín lè fà wọ́n wá, ta ló sì mọ̀ bóyá wọ́n gba abẹ́rẹ́? Tí mo bá so Bingo mọ́ igi, kò ní ríbi sá sí. Tí mo bá tú u sílẹ̀, ó lè sáré bọ́ sójú títì.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe tí ajá àjèjì bá já wọ àárín wa, tí kò fi ní bu ẹnikẹ́ni jẹ?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dáhùn.