Yunifásítì ní òun kò mọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà lábẹ́ òun: ta ni ká pè lẹ́jọ́?

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin. Ọmọ mi obìnrin wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ kan láti gba oyè B.Ed., nítorí wọ́n sọ fún wa pé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà lábẹ́ yunifásítì kan, àti pé yunifásítì ọ̀hún ni yóò fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Ó lo ọdún mẹ́rin, ó kọ ìdánwò àṣekágbá, ó sì parí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Oṣù tó kọjá ni yunifásítì kọ̀wé pé àdéhùn òun pẹ̀lú kọ́lẹ́ẹ̀jì ti parí kí wọ́n tó gba ọmọ mi wọlé, pé òun kò sì mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní irọ́ ni, pé ọ̀rọ̀ owó ló dá ìjà sílẹ̀. Orúkọ ọmọ mi kò sí nínú àkójọ tí Sẹ́nétì yunifásítì, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti oyè níbẹ̀, fi ránṣẹ́ sí NYSC. Ṣé a lè ní kí ilé-ẹjọ́ pàṣẹ fún yunifásítì láti fún un ní ìwé-ẹ̀rí?

Agbẹjọ́rò Ìbàdàn:
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ohun tí ẹ fẹ́ tọrọ yẹn gan-an ni ilé-ẹjọ́ kò ní fún yín. Ní 2005, nínú ẹjọ́ tí Magit pe Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Makurdi, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé Sẹ́nétì yunifásítì nìkan ló lè pinnu ẹni tí oyè tọ́ sí, pé adájọ́ kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ náà ṣe. Ṣùgbọ́n bóyá àdéhùn wà tàbí kò sí lọ́jọ́ tí wọ́n gba ọmọ yín wọlé, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ Sẹ́nétì. Adájọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè bá yín gba owó padà lọ́wọ́ ẹni tó tàn yín jẹ.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì ló tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ọmọ yín kò sí nínú rẹ̀, ẹni tí kò sì sí nínú àdéhùn kì í sábà lè fi àdéhùn náà pe ẹlòmíràn lẹ́jọ́. Nítorí náà ẹ wá ohun tó so ọmọ yín mọ́ yunifásítì fúnra rẹ̀: ìwé ìgbaniwọlé JAMB tó dárúkọ yunifásítì, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tí yunifásítì fún un, rìsíìtì owó tó wọ àpò yunifásítì tààrà. Bí ọ̀kan bá wà nínú wọn, yóò ṣòro fún wọn láti sọ pé àwọn kò mọ̀ ọ́n rí.

Ẹ má sì fi àkókò ṣòfò. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, tí yunifásítì ìjọba náà lè sá sábẹ́ rẹ̀, fún olùpẹjọ́ ní oṣù mẹ́ta péré láti pe ẹjọ́. Òótọ́ ni pé àwọn ẹjọ́ kan tó dá lórí àdéhùn bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí, ṣùgbọ́n kí ni ẹ fẹ́ fi àríyànjiyàn yẹn ṣe nígbà tí oṣù méjì ṣì kù?

Akọ̀wé Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Mo fara mọ́ ohun tí agbẹjọ́rò sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un. Látìgbà òfin 1985 tó fún NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, lágbára lórí ìwọ̀n tí ẹ̀kọ́ yunifásítì gbọ́dọ̀ dé, ètò ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni àjọ náà ń fọwọ́ sí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lè ní àṣẹ fún ẹ̀kọ́ Yorùbá, kí ó má ní fún ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, kí àwọn aláṣẹ rẹ̀ sì máa sọ fún òbí pé “a wà lábẹ́ yunifásítì” bí ẹni pé gbólóhùn yẹn bo gbogbo ilé. Ẹ kọ̀wé sí NUC, kí ẹ béèrè nípa ètò ẹ̀kọ́ ọmọ yín àti ọdún tó wọlé.

Láyé àtijọ́, nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Sierra Leone wà lábẹ́ Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1876, àti nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ń fi oyè Yunifásítì London fúnni láti 1948, ilé-ẹ̀kọ́ ńlá fúnra rẹ̀ ló ń fúnni ní oyè, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ìdánwò. Lóde òní, owó ni àwọn mìíràn ń gbà, wọn kì í wo ẹ̀yìn. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí àwọn òbí jọ ní kí yunifásítì gba àwọn ọmọ tó há sáàárín yìí wọlé, kí wọ́n tún ìdánwò díẹ̀ kọ. Ẹjọ́ lè gba ọdún mẹ́fà.

Ọmọ Èkó Tó Kàwé ní Íńdíà:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹ́ kí oṣù mẹ́ta kọjá nídìí ẹ̀bẹ̀. Ní Íńdíà, níbi tí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti wà lábẹ́ yunifásítì, irú ẹjọ́ yìí pọ̀ jọjọ. Ní 1974, kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Xavier's ní Ahmedabad borí ní ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ wọn: adájọ́ mẹ́sàn-án jókòó, wọ́n sì sọ pé ìjọba kò lè torí pé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ẹlẹ́sìn tó kéré níye fẹ́ wà lábẹ́ yunifásítì kí ó gba ẹ̀tọ́ tí òfin ilẹ̀ fún wọn láti darí ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló jàre níbẹ̀ o. Nígbà tó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Andhra Pradesh ní 1986, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn kò ní àṣẹ, ilé-ẹjọ́ kan náà ní òun kò lè ní kí yunifásítì rú òfin tó dá a sílẹ̀. Àánú wọn kò tó láti yí òfin padà.

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo tú àpótí lálẹ́ àná. Ìwé JAMB rẹ̀ dárúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì kọ orúkọ yunifásítì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rìsíìtì méjì sì wà tó jẹ́ ti yunifásítì, ti ọdún kìíní àti ti ọdún kẹta.

Agbẹjọ́rò Ìbàdàn:
Ti ọdún kẹta yẹn gan-an ni mo ń wá, mà. Bí àdéhùn bá ti parí kí ọmọ yín tó wọlé, kí ni wọ́n gba owó ọdún kẹta fún? Ẹ ya ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ má sì fi ojúlówó rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.