Kíláàsì kékeré, ẹ̀kọ́ àdáni, tàbí ìfojúsí? Èrò mi lórí àwọn ọ̀rọ̀ Pilates

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀.

À ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Pilates, ìdárayá tí a fi ń fún iṣan àárín ara lókun pẹ̀lú mímí. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ni ká máa pe kíláàsì rẹ̀ tí olùkọ́ kì í gbà ju èèyàn díẹ̀ lọ, kó lè ráyè wo ara akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń ṣe é. Àbá mẹ́ta ló ti wọlé: "kíláàsì kékeré", "ẹ̀kọ́ àdáni" àti "ẹ̀kọ́ àmójútó". Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kíkọ́ni ní Pilates, mi ò sì fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti orúkọ kúrò lọ́nà. Ẹnìkan ní ká tú Pilates sí "ìkóra-ẹni-níjàánu", nítorí pé Joseph Pilates, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní 1883, kò fi orúkọ ara rẹ̀ pe ìlànà náà. Contrology ló pè é, ìyẹn ni pé kí ọkàn máa darí iṣan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìkóra-ẹni-níjàánu ti níṣẹ́ tó ń ṣe fún wa. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ọtí tàbí ìbínú là ń sọ, kò ní rò pé ẹní la fẹ́ tẹ́ ká dùbúlẹ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè. Ní 2000, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní New York dájọ́ pé Pilates ti di orúkọ tí gbogbo ayé lè lò. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ká fi làákàyè wa sórí àwọn ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ń sọ lẹ́nu, torí àwọn ni ara akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀ lé.

"Kíláàsì kékeré" kọ́kọ́ ní ìṣòro pé ọ̀pọ̀ yóò gbọ́ ọ bíi kíláàsì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé iye èèyàn nìkan ló sọ. Olùkọ́ lè gba èèyàn mẹ́rin péré, kó dúró níwájú, kó máa ṣe tirẹ̀ kó sì máa ka ení, èjì, láìwo ẹnikẹ́ni. Kíláàsì yẹn kéré, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

"Ẹ̀kọ́ àdáni" ní tirẹ̀ ni ti akẹ́kọ̀ọ́ kan pẹ̀lú olùkọ́ kan, kò sì yẹ ká gbà á lọ́wọ́ ìtumọ̀ yẹn. Nínú kíláàsì tí à ń sọ, àwọn èèyàn wà papọ̀, wọ́n jọ ń mí, ẹnìkan sì ń gbọ́ àtúnṣe tí a ṣe fún ẹnìkejì. Ẹ wo ìdárayá tí wọ́n ń pè ní Ọgọ́rùn-ún. A ó fẹ̀yìn lélẹ̀, a ó gbé orí àti èjìká sókè, a ó na ẹsẹ̀ síwájú, a ó máa ju ọwọ́ sókè sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara: mí sínú títí a ó fi ka márùn-ún, mí síta títí a ó fi ka márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìdárayá kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Síbẹ̀, ẹni tí ọrùn ń dùn yóò gbé orí lélẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbéra kúrò lórí ẹní yóò ká orúnkún. Ẹni tí eegun rẹ̀ ti di ẹlẹgẹ́ kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀yìn síwájú bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí náà orí àti èjìká rẹ̀ kò ní kúrò nílẹ̀. Bí olùkọ́ ò bá mọ ìyàtọ̀ yìí, ó lè ṣe akẹ́kọ̀ọ́ léṣe.

"Àmójútó" ló sún mọ́ ọn jù. Ohun tí mo ní sí i ni pé alámòójútó ti di ọ̀gá tó ń rí sí i pé iṣẹ́ ń lọ. Èèyàn lè mójú tó yàrá tó kún fọ́fọ́. Àbá tèmi ni "ìfojúsí", láti inú "fojú sí i lára": "ìfojúsí ẹnìkọ̀ọ̀kan" fún ohun tí olùkọ́ ń ṣe, "kíláàsì ìfojúsí" fún kíláàsì fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ní ẹni tó fojú sí owó ẹlòmíì náà ń fojú sí nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n "ẹnìkọ̀ọ̀kan" tó tẹ̀ lé e yóò là á yé wọn.

Àwọn ọ̀rọ̀ ti inú kíláàsì ńkọ́? Fún agbára àárín ara, ẹnìkan mú "iṣan ikùn" wá, ẹlòmíì mú "òpómúléró ara" wá. Sọ "iṣan ikùn" fún akẹ́kọ̀ọ́, kíá ni yóò fa ikùn wọlé, kó sì séèémí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí à ń bá a sọ ju ikùn lọ: iṣan tó jìn sínú tó yí ìbàdí po, iṣan èémí tó pín àyà àti ikùn, àwọn iṣan tó gbé ìsàlẹ̀ abẹ́ dúró, àti àwọn kéékèèké tó rọ̀ mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Òpómúléró dùn létí, ó wù mí, àmọ́ òpó kì í tẹ̀, kì í yí, àárín ara sì gbọ́dọ̀ lè ṣe méjèèjì. "Gbàjá inú" ni mo yàn. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń di gbàjá: ó mú ìbàdí dáadáa, kò sì dí èémí lọ́wọ́.

Fún ìdúró ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ jọ̀ọ́, kí "ẹ̀yìn gbọnrangandan" kúrò nílẹ̀. Ọ̀pá ẹ̀yìn ní ibi tó ti tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn náà ni à ń sọ pé kó wà bẹ́ẹ̀. "Ìdúró àdámọ́" tó.

"Ìwúwo" fún agbára sípíríǹgì orí Reformer, àkéte tí ibi ìdùbúlẹ̀ rẹ̀ ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀, kò tọ́ rárá. Sípíríǹgì kì í wúwo, fífà ló ń fà. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ẹni tó bá rò ó bí ẹrù yóò gbà pé bó bá ti dín kù ló ti rọrùn. Bí èèyàn bá ń fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ló rí. Àmọ́ nígbà tó bá kúnlẹ̀ tó sì ń fi gbàjá inú mú ibi ìdùbúlẹ̀ náà dúró, sípíríǹgì díẹ̀ ló le, torí kò sí ohun púpọ̀ tí yóò bá a fà á padà. "Ìfà" ni kí a máa wí.

Ó ku ọwọ́ olùkọ́. "Ìfọwọ́kàn" lásán lè gbé ìtumọ̀ tí kò dáa wá, "ìfọwọ́júwe" kò sì kan ara rárá. Mo dábàá "ìfọwọ́darí", kí olùkọ́ sì máa tọrọ àyè kó tó ṣe é: "Ṣé kí n fọwọ́ darí èjìká yín?" Ẹni tó bá ní rárá, ẹnu nìkan ni a ó fi darí rẹ̀.