Ẹ wá sọ ìrírí yín: bí a ṣe wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ kí á jọ sọ ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ẹni tó ti kọ̀wé sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà láti gba oyè másítà nínú ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ (ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní speech-language pathology), ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí. Ẹ má fi ibi tó korò pamọ́. Èmi á kọ́kọ́ sọ tèmi.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú, ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́fà ni mo kọ̀wé sí. Kò sí èyí tó gbà mí. Èsì kẹfà dé nínú oṣù kẹrin. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á lórí fóònù, mo sì sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ilé ṣì jìnnà, torí mi ò fẹ́ kí èrò rí omi lójú mi. Ìmọ̀ èdè ni mo fi gba oyè àkọ́kọ́, èsì mi sì dára. Mo ti rò pé ẹni tó bá mọ̀ nípa èdè ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí tán.

Ìwé tí wọ́n fi ń kọ èèyàn kì í sọ ìdí. Èmi fúnra mi ni mo wá ìdí náà, ó sì gbà mí tó oṣù méjì. Mo lọ sórí EdFind, ibi tí ASHA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ àti ìgbọ́ràn ní Amẹ́ríkà, to àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sí, mo sì ń ka ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń béèrè. Ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ni mi ò ní. Ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ kí èèyàn ti ka fònẹ́tíìkì (ìmọ̀ nípa ìró ọ̀rọ̀), bí ẹ̀yà ara ṣe ń mú ọ̀rọ̀ jáde, bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè, àti ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ìgbọ́ràn. Fònẹ́tíìkì nìkan ni mo ní nínú gbogbo ìyẹn. ASHA náà sì ní tirẹ̀: ẹni tó bá máa gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn gbọ́dọ̀ ti ka báyọ́lọ́jì, físíìsì tàbí kẹ́mísìrì, statistics, àti ẹ̀kọ́ kan nípa ìwà àti àwùjọ ènìyàn. Mi ò tí ì ka statistics rí láyé mi.

Ìdí kejì dùn mí jù ú lọ, torí àìfiyèsí lásán ni. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń gba ìwé láti orí ìkànnì kan tí wọ́n ń pè ní CSDCAS, ìkànnì yẹn sì fẹ́ transcript, ìyẹn ìwé èsì ẹ̀kọ́, láti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí o ti jókòó rí, ìbáà jẹ́ kíláàsì kan ṣoṣo lo ṣe níbẹ̀. Mo ti ṣe kíláàsì kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan lásìkò ìsinmi, mo sì ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ìwé mi wà nílẹ̀ láìyẹ̀wò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí transcript kan yẹn. Ìwé mi dé méjì nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà lẹ́yìn tí gbèdéke ti kọjá. Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: CSDCAS máa ń ṣírò GPA yín (ìpíndọ́gba máàkì) fúnra rẹ̀, bí ẹ bá sì tún ẹ̀kọ́ kan ṣe, máàkì méjèèjì ló máa kà, àtijọ́ àti tuntun.

Àmọ́ ohun tó yí ọ̀rọ̀ mi padà kì í ṣe ìwé. Ìwòye ni. Wákàtí 25 ni ASHA ní kí èèyàn fi wo olùtọ́jú ọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mo sì rí ibi kan tí wọ́n gbà mí láàyè, ilé ìwòsàn tí àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ti ń gba ìtọ́jú. Mo ti gbé ìwé àti bírò dání, mo fẹ́ kọ gbogbo ohun tí olùtọ́jú náà bá sọ sílẹ̀. Kò sọ ohun púpọ̀. Ó fi àwòrán ife kan han bàbá kan, ó bi í pé kí nìyí, ó sì dákẹ́. Bàbá náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ́ rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ni kò jáde. Ẹnu ń yún mi láti ràn án lọ́wọ́, mo ti fẹ́ẹ̀ sọ ọ́ fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nínú ọkàn mi. Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá. Olùtọ́jú náà kò mira, kò wo aago, ojú bàbá nìkan ló ń wò. Ìgbà tó pé mọ́kànlá, ọ̀rọ̀ náà jáde, ó gún régé.

Àkọsílẹ̀ nípa ara ẹni tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sáwọn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ pé láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn láti máa ran èèyàn lọ́wọ́. Èyí tí mo kọ lọ́dún kejì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá yẹn. Mo fi han olùtọ́jú náà kí n tó fi ránṣẹ́, ó sì fa igi sí ọjọ́ orí bàbá, iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ àti ìlú tó ti wá. Ó ní ọ̀rọ̀ aláìsàn kì í ṣe tèmi láti pín, ẹnikẹ́ni tó bá ka àkọsílẹ̀ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ á sì mọ̀ bóyá mo ti mọ ìyẹn tàbí mi ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ilé-ẹ̀kọ́ márùn-ún ni mo kọ̀wé sí lọ́dún kejì. Ọ̀kan gbà mí, méjì fi mí sára àwọn tó ń dúró de àyè. Mo wà ní ọdún kìíní báyìí. Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín.

Olùkọ́ tẹ́lẹ̀

Ẹ ṣeun tí ẹ dá a sílẹ̀. Lẹ́tà ìjẹ́rìí ni tèmi.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó pinnu láti yí iṣẹ́ padà. Ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń fẹ́ lẹ́tà mẹ́ta, wọ́n sì máa ń fẹ́ kó jẹ́ pé àwọn olùkọ́ yunifásítì ló kọ èyí tó pọ̀ nínú wọn. Mo lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó kọ́ mi nígbà oyè àkọ́kọ́. Ó gbà tìdùnnútìdùnnú, ṣùgbọ́n kí ló kù tó lè rántí nípa mi lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án? Kò sí ibi tó gbà mí lọ́dún náà.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi orúkọ sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mò ń ṣe wọ́n lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ọdún kan ààbọ̀. Àwọn wákàtí tí olùkọ́ máa ń yà sọ́tọ̀ fún ìbéèrè, mi ò pa ọ̀kan jẹ. Kì í ṣe pé mò ń ṣe ojú ayé. Àwòrán ọpọlọ àti iṣan ara tó ń bá a ṣiṣẹ́ le fún mi gan-an, mo sì nílò ẹni tó máa là á yé mi. Ìgbà tí mo wá béèrè lẹ́tà, olùkọ́ náà ní òun mọ ohun tí òun máa kọ: pé mo gba C nínú ìdánwò àkọ́kọ́, mo sì gba A nínú ìkẹyìn, àti pé òun rí gbogbo ohun tó wà láàárín méjèèjì.

Ẹ béèrè lẹ́tà ní oṣù méjì ó kéré tán ṣáájú gbèdéke. Gbèdéke púpọ̀ máa ń bọ́ sáàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ìgbà tí iṣẹ́ máa ń wọ àwọn olùkọ́ lọ́rùn nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ahọ́n ni mo gbé wá.

Kí n tó kọ̀wé rárá, ẹnìkan tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn sọ fún mi pé bí mo ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì yìí, kò yẹ kí n ronú iṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó sì gbé mi dè fún ọdún kan gbáko.

Ohun tó tú mi sílẹ̀ ni pé mo rí i kà pé ASHA ti sọ ojú abẹ níkòó láti ọdún 1998: wọn ò gbọdọ̀ torí ohùn ilé tó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì èèyàn dí i lọ́nà ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ yìí, bí ó bá ti ní ìmọ̀ tó yẹ, tó sì lè fi ìró tí aláìsàn ń kọ́ hàn án bó ṣe yẹ. Apá ìkẹyìn yẹn ni mo mú ṣiṣẹ́. Èdè wa ò ní ìró tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní “th”, kò ní “z”, kò ní “v”. Mo jókòó síwájú dígí, mo fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀ lálaalẹ́, títí mo fi lè pè wọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá béèrè fún un. Bí mo ṣe ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ kò yí padà.

Nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí fídíò, wọ́n bi mí pé: ọmọ kan tó ń sọ èdè méjì ń pe “zebra” bíi “sebra”, kí ni màá ṣe? Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé èsì. Mo ní màá kọ́kọ́ béèrè èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Bí “z” kò bá sí nínú èdè náà, ìyàtọ̀ ni, kì í ṣe àìsàn, àyàfi bí ìṣòro bá wà nínú èdè ilé fúnra rẹ̀. Mo fi tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Mo ní Yorùbá ní fáwẹ̀lì àìránmúpè méje, pé lẹ́tà “p” wa kì í ṣe “p” ti Gẹ̀ẹ́sì, pé àmì ohùn nìkan ló ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ ìyẹn lè sọ pé ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ní àìsàn ọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà ní kí n tún pe ọkọ́ àti ọkọ̀ fún òun, ó sì ń gbìyànjú láti pè é tẹ̀ lé mi.

Ibẹ̀ ló gbà mí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo wà nìyẹn.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú ìrírí o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, GRE, ìdánwò tí wọ́n máa ń ní kéèyàn ṣe kó tó wọ ẹ̀kọ́ másítà, ńkọ́? Mi ò tíì ṣe é, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Olùkọ́ tẹ́lẹ̀

Àbúrò, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni kò béèrè rẹ̀ mọ́. Wo ti ọ̀kọ̀ọ̀kan kó o tó náwó sí i.

Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́

Ẹ̀yin àbúrò, mo ka gbogbo rẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi nígbà tèmi.

Ọ̀rọ̀ akólòlò ló gbé mi dé ibí, torí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń kólòlò. Àkọsílẹ̀ mi, ìwòye mi, gbogbo rẹ̀, orí ìyẹn ló dá lé. Ìgbà tí mo dé ilé ìwòsàn fún iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ ni mo rí i pé ọ̀nà ọ̀fun ni mo máa fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ mi wò. Àwa là ń dúró ti ẹ̀rọ X-ray nígbà tí aláìsàn bá ń gbé oúnjẹ mì, tí a ń wò ó bóyá ó ń gba ọ̀nà èémí lọ. Àwọn kan wà tí oúnjẹ á gba ibẹ̀ tí wọn ò ní wúkọ́ rárá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i, ọwọ́ mi tutù. Mo mọ akẹ́gbẹ́ mi kan tó fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ torí kò mọ̀ pé apá yìí wà nínú rẹ̀, ó sì ti yá owó ẹ̀kọ́. Ẹ lọ wo ìyẹn kí ẹ tó kọ̀wé. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé nìkan lẹ ó ti wòye.

Ní ti ohun tó wà níwájú: wákàtí 400 ni gbogbo iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́, 25 tí ẹ fi wòye wà nínú rẹ̀, 375 yòókù jẹ́ ti ẹ̀yin àti aláìsàn. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò Praxis, 162 ni máàkì tí wọ́n ń fẹ́, àti iṣẹ́ lábẹ́ olùtọ́sọ́nà fún wákàtí 1,260, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọ̀sẹ̀ 36. Ó gùn. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ láràárọ̀.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ̀wé sí ilé ìwòsàn kan lónìí pé mo fẹ́ wá wòye níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí kò lè gbé oúnjẹ mì. Àkọsílẹ̀ mi wà nílẹ̀ ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ pé láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn láti máa ran èèyàn lọ́wọ́.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Lọ wòye ná. Tó o bá dé, fi àkọsílẹ̀ tuntun ránṣẹ́ sí mi, màá bá ọ kà á.