Ta ló ń kọ́ yín gan-an ní ọdún kìíní?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni a wà. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ka kẹ́mísìrì, fọ́ọ̀mù JAMB ló kù. Yunifásítì Ìbàdàn ni bàbá wa ń pariwo: ó ti wà láti 1948, ìwádìí sì pọ̀ níbẹ̀. Èmi ń wo Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́, tó kéré sí i. (Owó wọn yàtọ̀, ìyẹn ti yé wa.)

Mo ti bi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta. Ọ̀kan, ní ilé ìwé ńlá kan tí n kò ní dárúkọ, ní ojú fèrèsé lòun ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́. Àwọn méjì yòókù kàn ń yin ilé ìwé wọn ṣáá.

Ẹ̀yin tí ẹ ka sáyẹ́ǹsì ní ọ̀kan nínú méjèèjì: ní ọdún kìíní, ṣé ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ yín, èèyàn mélòó ló sì ń pín irinṣẹ́ kan ní lábù?