Owó ìrànwọ́ fún oko tí ìjì bàjẹ́ ní Georgia: ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Àgbẹ̀ Gúúsù:
Ẹ kú ilé o. Lóòótọ́ ni ìjọba Amẹ́ríkà ń sanwó fún àgbẹ̀ tí ìjì bá ba oko rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìwé ẹ ò bá pé, ẹkún lásán ni.

Gúúsù Georgia ni mo wà, káúńtì (ìjọba ìbílẹ̀) ẹ̀pà, òwú àti igi pecan, igi tí a ń jẹ kóró èso rẹ̀. Ilá, tẹ̀tẹ̀ àti ewúro ni èmi ń gbìn fún àwọn ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Atlanta. Àwọn olówùú ní ìnṣọ́ránsì tiwọn. Ètò ìjọba tó wà fún irú ohun ọ̀gbìn tèmi, tí kò ní ìnṣọ́ránsì, ni wọ́n ń pè ní NAP. Owó ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ $325 lórí irúgbìn kọ̀ọ̀kan, àmọ́ wọn kì í gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ oko. Kí ìjì tó dé lẹ ti gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ o.

Òru ọjọ́ 26 mọ́jú ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 2024 ni ìjì Helene jà. Gbogbo ilá sùn sínú ẹrẹ̀. Ohun tí a bá ń fọwọ́ já, wákàtí 72 péré ni wọ́n fún wa láti fi àdánù tó wọn létí. Iná ò sí, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sí! Ìlú mìíràn ni mo wakọ̀ lọ kí n tó rí ímeèlì fi ránṣẹ́.

Ìyọnu gan-an wá dórí rìsíìtì ọjà tí mo ti tà. Ìdì là ń ta ẹ̀fọ́, ìwọ̀n póùn ni ìjọba ń kà. Màmá òyìnbó tí ìjọba rán wá wo oko ní, "Ìdì kan, póùn mélòó?" Mo já ewúro tó ṣẹ́kù, mo fi okùn dì í bí a ṣe ń dì í tà, a gbé e lé òṣùwọ̀n lójú rẹ̀. Ó tiẹ̀ jẹ ewé kan wò. Ojú ẹ̀ fún pọ̀! Mo ní, "Ẹ má bínú, ma, a máa ń fọ̀ ọ́ ká tó sè é."

Owó náà ò pọ̀. Ní ìpele ìsàlẹ̀ ètò NAP, àdánù tó bá kọjá ìdajì nìkan ni wọ́n ń kà, wọn a sì san án ní ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọjà. Ẹni tó pàdánù gbogbo oko, owó tó máa padà wọlé fún un ò ní tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Wọ́n tún yọ díẹ̀ torí pé n ò náwó ìkórè. Kí ni mo fẹ́ kórè?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀yin tiẹ̀ rí gbà. Oko pecan ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìjì Michael jà ní oṣù kẹwàá 2018. Igi tó ju bàbá onílẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, ó hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Oṣù kẹfà 2019 ni òfin owó ìrànwọ́ ìjì náà tó jáde, ó di oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó máa gba fọ́ọ̀mù. Ẹni tó ni irè oko ni wọ́n sì ń san án fún. Àwọn tó ń ṣa pecan, ta ló bi wọ́n léèrè? A kó ẹrù wa, a bá tiwa lọ.

Ọmọ Ṣakí:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, èmi tí mo yá ilẹ̀ ńkọ́?

Àgbẹ̀ Gúúsù:
Àbúrò, ẹ̀tọ́ ẹ ni, bó bá jẹ́ ìwọ lo gbìn ín. Ṣáà mú ìwé àdéhùn ilẹ̀ dání, kí ìjọba fún ọ ní nọ́ńbà oko, èyí tí wọ́n fi ń dá oko mọ̀ nínú ìwé wọn. Bí onílẹ̀ ò bá fẹ́ kọ̀wé, wá ilẹ̀ mìíràn.