Ọmọ mi fẹ́ yan iṣẹ́ ọdún kejìlá, bàbá rẹ̀ ní AP mẹ́fà, káńsẹ́lọ̀ ní kó rọra: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ayọ̀ (Katy, Texas)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òbí. Ọ̀rọ̀ ọmọ ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Àkọ́bí mi obìnrin wà ní kíláàsì kọkànlá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ilé ìwé máa gba fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yan iṣẹ́ (ẹ̀kọ́ tí ọmọ máa kọ́) ní ọdún kejìlá. Ẹnjiníà ló fẹ́ ṣe, ti ẹ̀rọ. UT Austin lọkàn rẹ̀ fà sí jù, Texas A&M ló tẹ̀ lé e, ó sì fẹ́ dán ilé ìwé kan tàbí méjì wò níta Texas.

Pírẹ́ọ̀dù méje ni wọ́n ní. Gẹ̀ẹ́sì kò ṣeé yẹ̀. Government àti Economics náà kò ṣeé yẹ̀, òfin Texas ni. Ìdajì ọdún, ìdajì ọdún ni wọ́n ń ṣe é, pírẹ́ọ̀dù kan náà ni méjèèjì jọ ń lò. Ó tún ń ta violin nínú orchestra ilé ìwé láti kíláàsì kẹfà, ó ní òun ò ní fi í sílẹ̀. Mẹ́rin tó kù ni àríyànjiyàn wà, pẹ̀lú iye tó máa jẹ́ AP, ìyẹn iṣẹ́ girama tó le tó ti yunifásítì, tó sì ní ìdánwò tirẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ní kó kó Calculus BC, Físíìsì C, Bàọ́lọ́jì AP àti Kẹ́mísìrì AP, kí Gẹ̀ẹ́sì àti Government náà jẹ́ AP, kó di mẹ́fà. Ó ní, “Tó bá yí ọkàn padà sí iṣẹ́ dókítà ńkọ́?” Káńsẹ́lọ̀ ilé ìwé, ẹni tó ń tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà lórí iṣẹ́ tí wọ́n máa yàn, ní kó rọra, kó mú Calculus AB àti Statistics. Ọmọ fúnra rẹ̀ fẹ́ Calculus BC, Físíìsì C, Computer Science àti Spanish ọdún kẹrin. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wá ní ká tiẹ̀ gbé Gẹ̀ẹ́sì àti Government lọ sí dual credit ní community college (iṣẹ́ yunifásítì tó tún ń ka fún girama), pé ọmọ òun ti kó kírẹ́díìtì jọ kó tó wọ yunifásítì.

Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ọmọ yìí ti ṣiṣẹ́ kára, mi ò fẹ́ ká ṣi ẹsẹ̀ gbé níbi tó kù díẹ̀. Ṣé iye AP ni wọ́n ń kà ni? Kí ni wọ́n ń wò gan-an? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi dù mí.

Bàbá Ìbejì (Houston)

Ìyá Ayọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun yòówù tí ẹ bá fẹ́ yọ, ẹ má yọ Calculus, ẹ má yọ Físíìsì. Òpó méjèèjì tó gbé ilé dúró nìyẹn. Ẹni tó bá ń ka fọ́ọ̀mù ọmọ tó ní ẹnjiníà wu òun, ibẹ̀ lojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ. MIT kọ ọ́ síta gbangba pé àwọn fẹ́ kí ọmọ ti ṣe ìṣirò dé Calculus, kó sì ti ṣe Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Bàọ́lọ́jì, ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣàkíyèsí: ọdún kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti ṣe Bàọ́lọ́jì àti Kẹ́mísìrì ní kíláàsì kẹsàn-án àti ìkẹwàá, ó ti ṣe é nìyẹn.

Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Ayọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ti ibí yìí kì í ṣe ti JAMB. Nílé, tí ọmọ bá fẹ́ ka ìṣègùn tí kò sí Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì nínú ohun tó yàn, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn dókítà ló kọ́kọ́ gba dìgírì kan kí wọ́n tó ṣe MCAT, ìdánwò ìgbaniwọlé ti ìṣègùn, kí wọ́n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ẹnjiníà gan-an lè di dókítà. Kò sí ilẹ̀kùn tí AP Bàọ́lọ́jì ọdún kejìlá máa tì mọ́ ọn.

Ní ti BC àti AB: gbogbo ohun tó wà nínú AB ló wà nínú BC, BC kàn lọ síwájú sí i ni. Ẹni tó bá ṣe ìdánwò BC, wọ́n á tún fún un ní máàkì ti AB lọ́tọ̀ lórí èsì kan náà. Báwo ni Precalculus rẹ̀ ṣe ń lọ lọ́dún yìí? Ṣé ó sì ti ṣe Físíìsì 1? Físíìsì C, Calculus ni wọ́n fi ń ṣe é. Kò dára kó jẹ́ ibẹ̀ ni ọmọ á ti kọ́kọ́ pàdé Físíìsì.

Ìyá Ayọ̀

Ẹ ṣeun gan-an sà. Ó ń ṣe Físíìsì 1 lọ́wọ́, A ló ní. Precalculus, A náà ni, àmọ́ ó ń gba akitiyan.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Dallas)

Èmi fara mọ́ bàbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. UT kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún tó wà lókè ní kíláàsì wọn ni wọ́n ń gbà wọlé láìbéèrè tẹ́lẹ̀, wọ́n ti já a sí márùn-ún fún àwọn tó ń wọlé láti 2026. AP ló ń gbé GPA (ìpíndọ́gba máàkì ọmọ) ga, GPA ló ń gbé ipò ọmọ sókè. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sùn o.

Àǹtí Olùkọ́ (Maryland)

Ìyá Ayọ̀, ẹ kú alẹ́. Ọ́fíìsì káńsẹ́lọ̀ ní ilé ìwé girama ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fara balẹ̀ ka tèmi nítorí ó gùn díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n láti Dallas, òótọ́ lẹ sọ nípa ìdá márùn-ún. Àmọ́ ẹ wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ni gbèdéke fọ́ọ̀mù UT. Ìgbà yẹn, ọmọ kò tíì ní máàkì ọdún kejìlá kankan tó ti wọ GPA. Ipò tó máa fi wọlé, iṣẹ́ tó ṣe títí di òpin kíláàsì kọkànlá ló gbé e kalẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ipò, ìdánwò tó ń bọ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún yìí ni kó gbájú mọ́. Ẹ má sì gbàgbé pé ìdá márùn-ún yẹn, ẹnu ọ̀nà yunifásítì ló ṣí. Ẹ̀ka ẹnjiníà máa tún fúnra rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ti múra tán fún Calculus.

Kí wá ni iṣẹ́ ọdún kejìlá ń ṣe? Ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù, ìwé méjì ló máa ń wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan ni transcript ọmọ, ìwé tí gbogbo iṣẹ́ àti máàkì rẹ̀ wà. Ìkejì ni School Profile, ìwé tí ilé ìwé fi ń sọ irú ilé ìwé tí wọ́n jẹ́ àti iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ó máa gbé ọ̀kan ti ìkejì. Ilé ìwé tí kò ní ju AP mẹ́rin lọ, kò sẹ́ni tó máa bi ọmọ ibẹ̀ pé kí ló dé tí kò ṣe mẹ́wàá. Ilé ìwé tó ní ogún, wọ́n á fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ sá fún iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìwé tí káńsẹ́lọ̀ fi ránṣẹ́ láti orí Common App, fọ́ọ̀mù kan tí ọ̀pọ̀ yunifásítì jọ ń lò. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀: báwo ni iṣẹ́ tí ọmọ yìí yàn ṣe le tó, tí a bá fi wé ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwé kan náà? Àpótí márùn-ún ni, ọ̀kan ṣoṣo ni káńsẹ́lọ̀ máa fọwọ́ sí, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó le jù lọ.

Nítorí náà, ẹ lọ bá káńsẹ́lọ̀ lójúkojú. Ẹ má bá a jà o. Ẹ bi í pé, “Tí ọmọ mi bá yan báyìí, àpótí wo lo máa fọwọ́ sí?” Ẹ tún bi í ìdí tó fi ní kó mú AB. Ó lè jẹ́ pé ó rí ohun kan nínú máàkì rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé kò mọ̀ pé ẹnjiníà lọmọ fẹ́ ṣe, nítorí ọmọ tí káńsẹ́lọ̀ kan ń bójú tó pọ̀, orí ìwé nìkan ló sì ti mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tẹ́ ẹ bá ti ṣàlàyé, ọ̀pọ̀ ló máa ń yí ohùn padà.

Ohun tí èmi rí ni pé kì í ṣe gbogbo mẹ́fà tí bàbá rẹ̀ kó sílẹ̀ ló ní í ṣe pẹ̀lú ibi tí ọmọ ń lọ. Ti ọmọ ló bá ọ̀nà rẹ̀ mu. Calculus BC, Físíìsì C, Computer Science, Gẹ̀ẹ́sì AP: iṣẹ́ gidi nìyẹn, kò sí ẹni tó máa rí i tó máa sọ pé ó ń ṣeré. Kó sì rántí pé oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá ló máa kọ gbogbo àròkọ tí yunifásítì ń béèrè. Iṣẹ́ kan odindi nìyẹn lórí iṣẹ́ kíláàsì.

Ohun ìkẹyìn lọ́dọ̀ mi. Ohun tó bá kọ sínú fọ́ọ̀mù pé òun ń ṣe ní kíláàsì kejìlá, kó ṣe é dópin. Ní oṣù Kìíní sí Kejì, ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gba ìròyìn àárín ọdún. Ní oṣù Kẹfà, ilé ìwé tó bá gbà á máa gba transcript ìkẹyìn. Mo mọ ọmọ kan tó já Físíìsì sílẹ̀ ní oṣù Kìíní láì sọ fún ẹnikẹ́ni, lẹ́tà tó dé sílé wọn nígbà ẹ̀rùn mú kí ìyá rẹ̀ má lè jẹun. Wọ́n ní kó ṣàlàyé ara rẹ̀ kí àwọn má bàa gba àyè padà. Ó bọ́ níbẹ̀ ṣá, àmọ́ ojú wọn rí nǹkan.

Nọ́ọ̀sì Arlington

Kò sẹ́ni tó tíì dá Ìyá Ayọ̀ lóhùn lórí dual credit. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ní ti owó. Yunifásítì ìjọba ní Texas máa gba ENGL 1301 (ti Gẹ̀ẹ́sì) àti GOVT 2305 (ti Government) wọlé, nọ́ńbà kan náà ni àwọn community college jọ ń lò káàkiri ìpínlẹ̀. Ilé ìwé aládàáni àti èyí tó wà níta Texas, kálukú ló ní òfin tirẹ̀, àwọn kan kì í gba kírẹ́díìtì tó bá ti ka fún ìwé ẹ̀rí girama. Níwọ̀n bó ṣe fẹ́ gbìyànjú níta, ẹ ṣèwádìí ilé ìwé wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ rèé. Máàkì dual credit, máàkì yunifásítì ni. Kò ní parẹ́. Bàbá rẹ̀ ń ronú ìṣègùn, ó dáa. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá kọ fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ì báà jẹ́ AMCAS, ì báà jẹ́ TMDSAS ti Texas, wọ́n á ní kó kó gbogbo iṣẹ́ yunifásítì tó ti ṣe láyé rẹ̀ wá, títí kan èyí tó ṣe nígbà tó ṣì wà ní girama. C tó gbà lọ́mọ ọdún 17 nítorí pé violin àti àròkọ gba gbogbo àsìkò rẹ̀, wọ́n á kà á mọ́ GPA rẹ̀. AP kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ìdánwò AP kò bá dáa, ẹ lè má fi ránṣẹ́ rárá.

Àbúrò Ṣadé (College Station)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọdún kejì mi rèé nínú ẹnjiníà, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un.

Físíìsì C ràn mí lọ́wọ́ ju ohunkóhun lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ torque ní yunifásítì, àwọn tó jókòó tì mí kò tíì rí integral nínú ìbéèrè Físíìsì rí, èmi sì ti fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún odindi ọdún. Mà, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ẹ sì jẹ́ kó máa ta violin rẹ̀. Ohun tí èèyàn bá ti ń ṣe láti kíláàsì kẹfà láìdáwọ́ dúró, òun ló fi ń hàn pé èèyàn kì í sá nídìí ohun tó bá dáwọ́ lé.

Ní ti Spanish: ọdún méjì ni UT ń béèrè, ó sì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ irú Princeton ló ní lọ́kàn níta, ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń gbani níyànjú, kó má fi sílẹ̀. Mo tún fẹ́ béèrè: ṣé ó gbọ́ Yorùbá? Ìdánwò èdè kan wà tí wọ́n ń pè ní Avant STAMP, Yorùbá wà nínú àwọn èdè tí wọ́n fi ń ṣe é, kíkọ àti sísọ. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń fún ọmọ tó gbọ́ èdè méjì dáadáa ní Seal of Biliteracy, ó ń hàn lórí transcript. Ẹ bi ilé ìwé bóyá wọ́n máa jẹ́ kó ṣe é. Ó wù mí púpọ̀ kí àwọn ọmọ wa máa gba òǹtẹ̀ yẹn lórí èdè tí wọ́n fi ń kí ìyá àgbà lórí fóònù.

Ìyá Ayọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, Olúwa á bá mi san án fún yín. Ó gbọ́ Yorùbá, ó ń sọ ọ́. Kíkọ ló kù, màá jókòó tì í. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ JAMB yẹn wọ̀ ọ́ létí. Ó ní ká jọ lọ bá káńsẹ́lọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, pé tó bá ti lè fọwọ́ sí àpótí òkè pátá yẹn, òun á gbà ohun tí ọmọ fẹ́, tó fi mọ́ violin. Gẹ̀ẹ́sì máa jẹ́ AP. Government nìkan la ṣì ń rò bóyá ká ṣe é ní AP tàbí èyí tó wà lásán.

Bàbá Ìbejì

Èyí tó wà lásán tó, tí BC àti Físíìsì C bá ti wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn lóru.

Nọ́ọ̀sì Arlington

Ẹ má gbàgbé owó ìdánwò. Nǹkan bíi dọ́là 99 ni ìdánwò AP kan ní 2025, oṣù Kọkànlá ni ilé ìwé sì ti ń parí ìforúkọsílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń ṣe é. Oṣù Keje ni èsì ń jáde, nítorí náà ìdánwò ọdún kejìlá kò kan ìgbaniwọlé, kírẹ́díìtì ló wà fún. Láti 2015 ni òfin Texas ti ní kí yunifásítì ìjọba máa fún ọmọ ní kírẹ́díìtì tó bá gba 3, àyàfi tí wọ́n bá lè fi hàn pé iṣẹ́ kan nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì bi ilé ìwé bóyá apá méjèèjì Físíìsì C ni wọ́n ń kọ́. Mechanics ní ìdánwò tirẹ̀, Electricity and Magnetism ní tirẹ̀, owó méjì lẹ máa san. Ilé ìwé mìíràn, Mechanics nìkan ni wọ́n ń kọ́.